Ètò Ọ̀fẹ́ Tó Dá Kámẹ́rà Ọ̀gá Mi Mọ̀

                                        Yàrá Kejì, Àjà Òkè,
                                        Ilé Onífọ́tò,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ọwọ́ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ọmọ tó ń hu eyín, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn, àbí ilé yín ṣì ń dún bí ibùdókọ̀? Ẹ̀yìn rẹ tí o fi ìjókòó bà jẹ́ níwájú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Bó o bá ní ó ti san, màá gbà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o máa ń parọ́ nípa ẹ̀yìn yẹn. Àwa níbí wà láàyè. Ọkọ mi ń kí ọ, ó ní kó o dá ìwé òun padà.

Mo ní ìròyìn fún ọ, ọ̀gá wa ló sì dá lé. Jókòó dáadáa kó o tó kà á.

Ó ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tó gbà níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ṣì wà lára ògiri, nínú férémù tó fẹ̀ ju fèrèsé lọ. Kámẹ́rà àtijọ́ yẹn náà la ṣì ń lò. Nǹkan kan ló yí padà: ó fi ẹ̀yìn káàdì tí fọ́tò ń wọ̀ sí ṣíwájú, ó fi agbára tì í wọlé, káàdì há, ló bá fi téèpù lẹ ojú ibẹ̀ pa. Láti ìgbà náà, wáyà nìkan ni fọ́tò ń gbà jáde lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é láwọn ilé ńláńlá nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mátírọ́ọ̀nù kan kó àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege wá, mọ́kàndínlógójì, nínú aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ tó le gbagidi. A yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni wọ́n máa túká lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n pín wọn sí, fọ́tò yẹn sì gbọ́dọ̀ wà lára ìwé ìdánimọ̀ wọn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ki wáyà bọ kámẹ́rà. Àṣé ètò kọ̀ǹpútà olówó gọbọi tó ń kó fọ́tò wọlé, tí ọ̀gá fi ń yangàn, ti sọ ara rẹ̀ di tuntun láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé òun ò mọ irú kámẹ́rà yìí rí, ká lọ ra òmíràn. Kámẹ́rà tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún!

Àbúrò mi, ò bá wà níbẹ̀. Ọ̀gá yọ wáyà, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó fi òwú àti sípíríìtì nu ara kámẹ́rà bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án, lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Mo kà á. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ já sí òfo, ó ní kí gbogbo wa jáde, pé bóyá ojú wa ló pọ̀ jù fún ẹ̀rọ náà. A jáde. Ẹ̀rọ ò dáhùn.

Ibẹ̀ ni mátírọ́ọ̀nù bá a. Ọ̀gá ò tiẹ̀ mí kó tó nàka sí mi. Ó ní èmi ni mo ba kámẹ́rà jẹ́, pé ọwọ́ mi ti le láti ọjọ́ tí òun ti gbà mí. Ó ní bí fọ́tò ò bá jáde kó tó di ọ̀sán, kí n kó ẹrù mi kí n máa lọ. Ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń bá a pa irorẹ́ rẹ́ lójú àwọn oníbàárà! Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi, èyí tó tún dùn mí jù ni pé ó rí i.

Ìgbà náà ni mo rántí rẹ, àti ètò tí o máa ń tẹnu mọ́, èyí tí àwọn èèyàn káàkiri ayé para pọ̀ kọ kí kámẹ́rà lè máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè wò ó, kó tún un ṣe, kó sì lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wà lórí kọ̀ǹpútà wa láti ìgbà tí ìwọ náà ń ṣiṣẹ́ níbí. O rántí pé ọ̀gá ní ohun ọ̀fẹ́ kì í kó nǹkan wálé ju àrùn lọ, pé àwọn tó kọ ọ́ fẹ́ jí fọ́tò òun. Ta ló fẹ́ jí fọ́tò ìwé ìrìnnà? Ìdí tó fi lé ọ náà nìyẹn, ó ní o ń fi àkókò òun ṣeré.

O ti fi pẹ́ńsù kọ ìlà àṣẹ méjì tí a máa tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà sára ògiri, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí ọ̀gá ló bo ibẹ̀. Mo gun àga, mo gbé e kalẹ̀, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ọ̀gá pariwo bí ẹni tí wọ́n tú láṣọ. Mo tẹ ìlà kìíní láti béèrè kámẹ́rà tó wà lẹ́nu wáyà, ètò náà sì dárúkọ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo tẹ ìkejì, ni fọ́tò àwọn nọ́ọ̀sì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú kọ̀ǹpútà níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wá bọ́tìnnì tí òun máa tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà títí, kò rí. Ó ní irú ètò wo ni kò ní bọ́tìnnì. Mátírọ́ọ̀nù ní kó dákẹ́, kí òun ka àwọn ọmọ òun. Wọ́n pé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àmọ́ ti ọ̀gá wa kù díẹ̀.

Ló bá ní kí n kọ́ òun. Mo ní ó dìgbà tó bá sọ níwájú mátírọ́ọ̀nù pé èmi kọ́ ni mo ba kámẹ́rà jẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dojú bo ìrọ̀rí. Mátírọ́ọ̀nù ní òun ò gbọ́. Ó tún un sọ. Obìnrin náà ní etí òun kan ń di. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn tó ń kọjá lójú títì gbọ́.

Ibi tí ẹ̀rín mi pin sí nìyí. Mo fẹ́ mọ bí ètò náà ṣe mọ kámẹ́rà wa, mo wá wo inú rẹ̀. Orúkọ gbogbo kámẹ́rà tó mọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ni mo rí Tú-u-wò, orúkọ tí wọ́n fún ọ nílé nígbà tí o tú rédíò bàbá wa. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ó fi ṣáájú ìgbà tí wọ́n lé ọ. Àṣé ìwọ lo kọ́ ètò náà láti mọ kámẹ́rà wa; iṣẹ́ lò ń ṣe nígbà yẹn, kì í ṣe eré. Ọ̀gá lé ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo lọ sọ fún ìyá wa pé eré ló gbà ọ́ lọ́kàn, mi ò tiẹ̀ bi ọ́ léèrè. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó o sì bá mi gbé ọmọ mọ́ra. Ìyá wa ń kí ọ, ó ní kó o pe òun. Mo lọ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un lánàá. Ó ń ká aṣọ, kò gbójú sókè títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, "Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fún ọmọ yẹn lọ́gbọ́n. Àṣé ìwọ ló yẹ kí n máa gbà á fún."

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú ń tì,
Ẹlẹ́nu-bí-abẹ