Iṣu Ìwòyè ti Di Ọjà Òyìnbó

Ìlaròó, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo tẹ ẹ̀bà tán, mi ò lè jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀! Àwa méjèèjì, olùkọ́ ní póli, la jọ dá jọ́nà wa sílẹ̀, ìwé tó ń gbé ìwádìí jáde, kí ẹni tó bá ní fóònù lè ka ìwádìí wa lọ́fẹ̀ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ dòfin pé ìlú tí a bá ti ṣe ìwádìí, a gbọ́dọ̀ padà lọ kà á sí wọn létí ní Yorùbá. Òun náà ló wá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí iṣu Ìwòyè-Kétu fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ta ìwádìí.

Mo pè é láàárọ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé jọ́nà yín yẹn ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó fún mi ní ìgbéga?"

Jọ́nà yín! Àná ló ṣì jẹ́ tiwa.

Mo tọrọ ẹ̀dà iṣẹ́ náà. Ó ní òun ti buwọ́ lù ú pé òun ò ní pín in, kí n lọ rà á. Kò kúkú gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó fi ta wọ́n lọ́rẹ ni, wọ́n wá ń tà á fún wa.

Lọ́sàn-án ni Bàbá Àkànbí pè láti Ìwòyè, àgbẹ̀ tó mú wa yí gbogbo oko rẹ̀ ká nígbà tí mo bá Ẹ̀gbọ́n lọ ṣe ìwádìí náà. "Ọmọ mi, ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀ wá kà á fún wa? A ò ní lọ oko lọ́jọ́ náà o."

Mo ní ó kù díẹ̀.

Ó wá ṣàdúrà fún èmi àti Ẹ̀gbọ́n: "Ẹlòmíràn ò ní jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ yín."