Àmín Tó Pẹ́ Dé

Ilé Ládánì,
Abúlé Aláràbà,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2014.

Hamdalah ọmọ mi, Àyìnkẹ́,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú Èkó, mo kí ọ kú àìfojúkanra láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣé òrùlé yàrá tí o gbà ní Baruwa kò tíì máa jò? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a fi ojú sunkún ara wa. Àwa náà wà láàyè níhìn-ín, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan, iṣu sì ti wọ́n díẹ̀, àyàfi pé ìyá rẹ kì í bá mi jẹun pọ̀ mọ́ láti nǹkan bí oṣù kan, abọ́ tèmi nìkan ni yóò gbé síwájú mi tí yóò sì kọjá lọ. Ohun tó ń bí i nínú ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé sọ sí etí ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì lè fi fóònù sọ ọ́, nítorí fóònù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ń tì mí, Hamdalah. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tún kẹ̀yìn sí fèrèsé kí n tó mú bírò.

Ṣé o rántí ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì tí o fi fóònù ọ́fíìsì pè mí? O ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọ̀gá yín máa ń jẹ́ kí ẹ pe ilé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, ní aago méjì, tí ẹ bá ti kírun dé tí ẹ fẹ́ jẹun. Èmi náà ti kírun, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú Jàfárù àbúrò mi àti àwọn àgbà mẹ́rin, mo sì tẹ ibi tí ohùn ti ń jáde síta, kí gbogbo wọn lè gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń kí bàbá rẹ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ìgbéraga nìyẹn, mo mọ̀. Mo ṣàdúrà fún ọ pé Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọkọ rere, pé wàá bímọ, pé wàá jẹun ọmọ. N kò gbọ́ àmín. Mo tún un ṣe, n kò gbọ́ àmín. O mọ̀ pé ládánì ni mí, ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń pe ìrun ní abúlé yìí, èmi kì í ṣàdúrà kí ilé dákẹ́. Jàfárù ń wò mí. Inú bí mi, mo ní àbí o ti fẹ́ kí n kú ni, tí o fi ń gbọ́ àdúrà mi tí o ń dákẹ́. Kí n tó mí, ohùn rẹ jáde kedere, o ní àmín, àmín o Bàbá, kí Ọlọ́run jẹ́ kó tètè ṣẹ.

Àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Jàfárù ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti dáyé. Mo pa fóònù, mo dé ilé, mo rì í mọ́ inú àpò ẹ̀lùbọ́. Gbogbo ìgbà tí o ń pè tí obìnrin inú fóònù yẹn ń sọ fún ọ pé n kò sí nítòsí, mo wà nítòsí, inú ẹ̀lùbọ́ ni mo ju fóònù sí.

Èyí tó burú jù nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì sí i, àwọn ènìyàn Akóredé wá láti Ọ̀yọ́ pé àwọn fẹ́ mú ọjọ́ yìgì yín. Mo ní kí wọ́n lọ sinmi ná, pé n kò lè gbé ọwọ́ àdúrà sókè lórí ọmọ tó ṣe àmín sí ikú mi. Ẹnu èmi ni mo fi sọ ọ́. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní ọmọ òun kò lè wí bẹ́ẹ̀, bóyá fóònù ló wí i. Mo bi í pé ṣé fóònù ní ẹnu ni. Láti ọjọ́ náà ni abọ́ wa ti pín.

Nígbà tí mo wá sí Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún ọ pé ojú ló ń dùn mí. Irọ́ ni, ojú mi kò ṣe nǹkan kan. Ẹjọ́ rẹ ni mo wá rò fún ọ̀gá rẹ. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì yín, orí àkàbà ni o wà, o ń yẹ àpótí funfun pẹlẹbẹ kan wò tó lẹ̀ mọ́ àjà. Ọ̀gá Julius ló wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró. Ó ní kí n jókòó ná, kí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tán. Mo jókòó, mo sì kí àpótí yẹn, nítorí ojú rẹ̀ kan ń tàn, mo rò pé ọ̀gá àgbà pátápátá ló ń tibẹ̀ wò wá. Mo ṣí fìlà fún un.

O sọ̀ kalẹ̀, o kúnlẹ̀ kí mi, o sì ṣàlàyé pé àwọn oníbàárà yín ń ké pé ohùn ń gé lórí fóònù, pé ó máa ń pẹ́ kó tó dé, àti pé ìwọ ni wọ́n ní kó o wá ìdí rẹ̀. O ní fóònù yín kò ní okùn, afẹ́fẹ́ ló ń gbé ohùn lọ bá àpótí funfun yẹn, ẹ̀ ń gé e wẹ́wẹ́ níbí, wọn á tò ó pọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹnu yà mí. Ẹyin lohùn ni àwọn baba wa wí, tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. N kò mọ̀ pé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ọ ni.

O fún mi ní fóònù kan, o gbé ọ̀kan fún Títí tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, o ní kó dúró sẹ́yìn gíláàsì kó máa kí mi. Ó kí mi, mo gbọ́ ọ geere. Lẹ́yìn náà o ní kí Ọ̀gá Julius gbé ife omi sínú àpótí tí ẹ fi ń mú oúnjẹ gbóná láìsí iná. Àpótí náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Hamdalah, mo rí ẹnu Títí tó ń mì, n kò gbọ́ nǹkan. Ó pa ẹnu dé, ó yíjú sí ọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan mìíràn, ìgbà yẹn ni ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Bàbá tó kí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé etí mi, ní wẹ́wẹ́. Ẹ pa àpótí, ohùn padà bọ̀ sípò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ ṣe é. O wo ìwé rẹ, o ní aago méjì ni gbogbo ẹjọ́ máa ń pọ̀, ti ọjọ́ Jímọ̀ ló sì burú jù, nítorí ìgbà yẹn ni gbogbo yín ń ti ibi ìrun dé tí ẹ ń mú oúnjẹ gbóná tẹ̀lé ara yín. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ. Àṣé àmín àdúrà mi ló pẹ́ dé, tó wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ikú mi. Ọ̀gá Julius wò mí, ó kàn mú omi tí ẹ fi dán an wò, ó fi tíì sí i, ó gbé e fún mi. Ojú rẹ̀ ni n kò lè wò mọ́.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ìgbà tí Adébùnmí gbé ẹ̀rọ ata rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, tí ẹ̀rọ náà bá ti ń lọ ata, ìrun tí mo ń pè kì í dé òdìkejì odò. N kò bínú sí àwọn ará òdìkejì odò, Adébùnmí la lọ bẹ̀. Kí ọ̀gá rẹ ra sítóòfù eléèédú fún yín jàre, kí àpótí oúnjẹ yẹn sinmi.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ní Baruwa, o bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún mi, o sì sọ fún mi pé àwọn ènìyàn Akóredé ti dákẹ́, Akóredé fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pè mọ́, o kò mọ ohun tí o ṣe. O bi mí bóyá mo gbọ́ nǹkan kan. Mo ní rárá. Mo tún ní kí o bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ sí i. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn. Fóònù ló ṣi àmín gbé, ṣùgbọ́n rárá yẹn, ẹnu èmi ló ti jáde, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló sì dé etí rẹ.

Ní Sátidé mo lọ sí Ọ̀yọ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Akóredé, èmi Àmúsà, pẹ̀lú irùngbọ̀n mi. Mo sọ bó ṣe jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́, lẹ́yìn náà ó ní tí mo bá lè fura sí ọmọ tí mo bí nítorí fóònù, kí ni n ó rò sí àwọn àna? Ó ní àwọn kò kọ̀, ṣùgbọ́n Akóredé rò pé ìwọ lo kọ òun, ẹnu rẹ ni òun sì fẹ́ ti gbọ́ ọ. Nítorí náà, pè é. Ṣùgbọ́n má fi fóònù ọ́fíìsì pè é ní aago méjì o.

Ó ku ohun kan tí ojú tún ń tì mí láti béèrè. Mo ní láti tún pe Jàfárù àti àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sábẹ́ igi máńgòrò náà, kí n dá ọ láre ní ibi tí mo ti dá ọ lẹ́bi. Ẹni tó bá pe àgbà jọ ni yóò wá nǹkan sí wọn lẹ́nu. Bí o bá rí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, fi ránṣẹ́ fún búrẹ́dì àti ṣúgà. Mo mọ̀ pé kò bójú mu kí ẹni tí a fẹ̀sùn èké kàn ra oúnjẹ fún àwọn adájọ́, ṣùgbọ́n iṣu kò tíì jáde.

Àdúrà mi nìyí. Mo fi àyè sílẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ilé ọkọ rẹ tù ọ́ lára. ..................

Ọmọ tí o bá bí kò ní ṣì ọ́ gbọ́. ..................

Ọlọ́run yóò dárí jin bàbá rẹ, ìwọ náà yóò sì dárí jìn ín. ..................

Fi bírò kọ àmín tìrẹ síbẹ̀, kí o sì fi ìwé yìí padà rán Ọlọ́runṣògo awakọ̀ tó mú un wá. Ìyànà-Ìpájà ló máa ń gbé ọkọ̀ sí. Tí ẹ̀kẹta bá nira fún ọ, fi í sílẹ̀ ná. Mo ti yọ fóònù kúrò nínú ẹ̀lùbọ́, mo sì ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ojoojúmọ́. Bó ti wù kó pẹ́ tó, n kò ní sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lé àdúrà yẹn títí àmín rẹ yóò fi dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àmúsà Ládánì.