Ìbejì Oògùn Mi

Màámi,

Ẹ kú àárò ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já pé kì í ṣe èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Yorùbá ló ń bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń sinmi díẹ̀ ni.

Ẹ rántí oògùn funfun tí kò jẹ́ kí wárápá gbé mi láti ọdún méje? Àwọn iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì tó ń sanwó rẹ̀ ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní ìbejì ni oògùn méjèèjì. Ìbejì wo? Èyí ò mọ̀ mí rí! Dókítà bínú kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kó kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá pé tuntun náà kò ṣiṣẹ́. Mo bá ń lò ó, mo sì ń gun àkàsọ̀ lọ kun ilé onílé bí ìṣe mi.

Ẹ má dààmú. Bẹ́ẹ̀dì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀gá mi ti gbé àkàsọ̀ mi fún ẹlòmíràn, kí n lè sinmi dáadáa. Dókítà ní wọ́n á dá oògùn funfun padà fún mi báyìí, torí ẹ̀rí ti wà.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Tí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ibi tí mo ti dárúkọ ọwọ́. Àwọn ló kọ́ ọwọ́ náà níṣẹ́.

Ọmọ yín, Akunlé