Ojú-Ewé Mẹ́rìnlélógún Tí Mo Fọ̀

                                        Yàrá Keje,
                                        Ilé Alájà Mẹ́ta,
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni mò ń gbà lóòjọ́. Ilé ìfọṣọ gba mọ́kànlá, ọ̀nà gba méjì, ìdáná àti ìtọ́jú ọmọ gba márùn-ún, oorun gba márùn-ún. Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, òun ni mo yà sọ́tọ̀ fún ìwé tí o yá mi.

Kí n tó máa rojọ́, báwo ni ara? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Mọ́mì ti fúyẹ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń heyín? O kú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, o kú àìsùn.

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ojú-ewé mẹ́rin lójúmọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́, ìwé olójú-ewé òjìlélúgba á parí kí ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó dé. Ìṣirò yẹn ò lábùkù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí akẹgbẹ́ mi kan ò bá wá, ọ̀gá á ní kí n ṣe tirẹ̀ mọ́ tèmi. Ọjọ́ tí ara ọmọ bá gbóná, wákàtí mi lọ nìyẹn.

Ni mo bá ṣe ohun tí mò ń tìtorí ẹ̀ bẹ̀ ọ́. Mò ń ya ìwé rẹ. Mò ń ya ìwọ̀n tí mo lè kà, mò ń kó o sápò aṣọ iṣẹ́, kí n lè máa kà á bí ẹ̀rọ bá ń yí. Ọ̀gá rí mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gún aṣọ wọ̀nyí lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tètè gbẹ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mò ń kà lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ya mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè fi ọjọ́ Àìkú lé ara mi bá. Èmi tí mò ń yẹ àpò gbogbo ayé wò kí n tó ju aṣọ sẹ́rọ, tí mo ti bá oníbàárà yọ eyín àtọwọ́dá nínú àpò rí, mi ò yẹ tèmi wò. Omi gbígbóná ni mo ju aṣọ iṣẹ́ mi sí. Ìgbà tí n ó fi ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ, ìwé inú àpò ti di òwú rírin. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni. Kò sì sí ẹni ẹlẹ́ni nítòsí lọ́jọ́ náà.

Sátidé yìí ni ìdánwò. Oṣù tó ń bọ̀ ni n ó pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í sì í gba ẹni tó bá ti pé e. Kò sí ọdún mìíràn fún mi. Mi ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni o, aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn yín ni mo sunkún sí.

Jọ̀ọ́, bí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ àtijọ́ bá ṣì wà, fi rán awakọ̀ tó ń kó aṣọ yín wá. Òun náà ni yóò fún ọ ní lẹ́tà yìí lọ́la. Ohun tó wà ní ojú-ewé 141 dé 164 ìwé tí o yá mi ni mò ń wá. N ó ra ìwé mìíràn dípò èyí tí mo ya. Bí inú bá máa bí ọ, jẹ́ kó bí ọ lẹ́yìn Sátidé.

Bá mi kí Mọ́mì, kí o bá mi gbé ọmọ jó.

Ojú-ewé ọgọ́rùn-ún ni mi ò tíì kà, pẹ̀lú èyí tí omi gbé lọ. Wákàtí márùn-ún ló kù mí kù kó tó di Sátidé. Mo ti fi tòní kọ lẹ́tà yìí. Ó ku mẹ́rin.

Tìrẹ ni mí bí ti àná,
Oníṣirò.