Onílé Mi ní Ẹ̀pẹ́

Àlàmísì, 6 Rájábù, 1280
Ó rẹ̀ mí. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti kúrò ní Ìlọrin wá kọ́ kéwú lọ́dọ̀ Alfa Sànúsí ní Ẹ̀pẹ́ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ mi sì ti ju kéwú lọ. Láàárọ̀, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní alífù. Lọ́sàn-án, mò ń ha dúdú ìdí ìkòkò, kí á lè rí tàdáwà fi kọ wàláà. Lọ́jọ́ ọjà Ejìnrìn, ẹrù ni mò ń rù.
Ṣùgbọ́n lónìí Alfa ní kéwú mi ti tán. Àwọn ará Ìkòròdú ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọ wọn, èmi ni òun yóò rán lọ. Ilé-kéwú tèmi. Èmi Sàlímọ́nù.

Jímọ̀, 7
Mo sọ fún Baba Ìdákẹ́ — Súbérù apẹja, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹni tó gbà mí sílé láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni tirẹ̀ lójúmọ́, méjì nínú rẹ̀ á sì jẹ́ ti ẹja. Ìyàwó rẹ̀, Mùlíkátù — Ìyá Ẹja — ló bá mi yọ̀.

Àtìní, 10
Ìkòròdú. Ọyẹ́ orí omi ti la ètè mi.
Àwọn àgbà gbọ́ kéwú mi, inú wọn dùn. Ọ̀kan wá bi mí: "Ta ni onílé rẹ?"
Mo ní Alfa Sànúsí ni.
Wọ́n wo ara wọn. Àgbà náà ní, "Ṣebí àlejò lòun náà? Ọdún kejìlá rèé tí ìjà lé e kúrò l'Ékòó. Àlejò á ṣe dúró fún àlejò?"
Wọ́n ní kí n máa lọ. Ní ilẹ̀ yìí, àjèjì kì í ríṣẹ́ ṣe bí ọmọ onílẹ̀ kan kò bá dúró fún un, kí wọ́n lè rí ẹni mú bó bá ṣẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé mo gbàgbé Baba ni? Rárá, kí n má purọ́ fún ìwé ara mi. Mo rò pé orúkọ alfa yóò gbayì ju ti apẹja lọ.

Àlàrùbá, 12
Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú mi délé. Ìyá Ẹja gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò pè mí.

Àlàmísì, 13
Kò pè mí.

Jímọ̀, 14
Mo ní kí Alfa bá mi bẹ Baba. Ó ní ẹnu tó sẹ́ni ni kó lọ bẹni. Mo dọ̀bálẹ̀ létí omi ní ìdájí, nínú ẹrẹ̀. Baba ju àwọ̀n tó ya sí mi lẹ́sẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Àtàláátà, 18
Àwọ̀n. Ìka mi ti bó.

Jímọ̀, 21
Mo parí rẹ̀. Baba yẹ̀ ẹ́ wò, ó tú ojú kan, ó ní kí n tún un ṣe. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo tún un ṣe.

Àtìní, 24
Àná ni Baba wọ agbádá Jímọ̀ rẹ̀, ó ní kí n mú àjẹ̀. A sùn ní Ìjẹdè. Lónìí, ní Ìkòròdú, àgbà ọjọ́sí bi í bóyá òun ni onílé mi.
Ó ní, "Rárá o."
Ó nawọ́ sí mi.
Ó ní, "Ọmọ mi ni. Bó bá ṣẹ̀ yín, èmi ni kẹ́ ẹ mú."
Wọ́n fún mi ní yàrá kan àti ọmọ méjìlá. Bí oṣù Ṣàbáánì bá lé, kí n bẹ̀rẹ̀.
Nígbà tí a ń bọ̀, mo dúpẹ́ títí. Mo ní bí mo bá fẹ́ lọ wo ìyá mi, n ó kọ́kọ́ wá dágbére fún un.
Baba kò dá àjẹ̀ dúró. "Onílé là ń dágbére fún, Sàlímọ́nù. Bàbá kì í gba ìdágbére."
Ó yé mi. Ọjọ́ tí mo bá forí lé Ìlọrin, òun ni wọn yóò wá mú. Ohun tí mò ń wá ni mo rí yìí. Kí ló dé tó wúwo tó báyìí?

Aláàdì, 30
Ejìnrìn. Mọ́ṣúdù tó ń ti Ìlọrin wá ṣòwò jíṣẹ́ ìyá mi fún mi. Ara rẹ̀ le, ojú ló ń ṣe bàìbàì. Òjò tó kọjá ti wó ògiri yàrá mi. Ìyá ní kí wọ́n bi mí, ṣé kí òun tún un mọ kí n tó dé?
Mo tún ẹrù orí mi ṣe. Mọ́ṣúdù ní ọkọ̀ òun fẹ́ ṣí.
Mo ní kó kí i fún mi dáadáa. Kí ìyá mi má wulẹ̀ mọ ọ́n. Kó máa so ewúrẹ́ mọ́bẹ̀.