Òkúta Funfun Mẹ́ta Tí Mo Ṣí Nípò

                                        Fúláàtì 22, lẹ́bàá adágún Southmere,
                                        Thamesmead,
                                        London.
                                        Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Tìmílẹ́yìn, ọ̀rẹ́ àtijọ́, elétí bí ìlẹ̀kùn báńkì,

Ṣé ara le? Orúnkún ọ̀tún tó máa ń sọ òjò kí òjò tó rọ̀ ńkọ́? Ṣé ìyàwó rẹ ṣì ń fi iyọ̀ dù ọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru? Kó má dáwọ́ dúró o. Wálé ọmọ rẹ àti àwọn ará ilé rẹ̀ ńkọ́? Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò balẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún rèé báyìí. Má tíì rẹ́rìn-ín.

Mo pè ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo pariwo títí aládùúgbò fi ń lu ògiri, ìwọ ń sọ fún mi pé òjò ti dé lọ́dọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ọlábímpé, nọ́ọ̀sì tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ń bọ̀ wá wo ìyá rẹ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́ lọ́jọ́rú. Òun ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́.

Inúmidùn, ọmọ Gbénga ọmọ mi, ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ọmọ náà ń kọ ìwé ní yunifásítì nípa àwọn tó lọ tẹ aṣálẹ̀ Ọsirélíà dó, tí wọ́n ń wa ópàlì, òkúta olówó iyebíye, níbẹ̀. Ó mọ ohun tí èmi àti ìwọ tí a gbé ibẹ̀ kò mọ̀. Ó ní àwọn sójà tó ti ojú ogun dé ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ ilé sínú òkè nítorí ooru, àti pé àwọn onílẹ̀ ti mọ ojú omi ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó bi wọ́n ni. Mo ní, ìwọ ọmọ yìí, ta ló kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀ fi sààmì ilẹ̀ ìwakùsà rẹ̀ lọ́dún 1976? Ta ló gbé inú ilẹ̀ bí òkété fún ọdún méjì, tó ń ra omi ní garawa bí ẹni ra kẹrosíìnì?

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan bí o ṣe máa ń dé fìlà se ìrẹsì nítorí iyanrìn tó ń já láti àjà. Mo tún ya àwòrán ilẹ̀ wa fún un: ẹnu ọ̀nà ilé, kòtò tí a ń lò, àti kòtò àkọ́kọ́ tí a kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀, èyí tó jìn tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, tí a fi pákó àti páànù bò kí iyanrìn tó bò ó mọ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé òkúta funfun mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, kó yà fún un. Ṣebí òfin wa nìyẹn: ẹni tó bá rí òkúta funfun, kó yà. Ọmọ náà dì mọ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀ ló ń lọ síbẹ̀, kí òun náà lè fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí bàbá àgbà òun gbé.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní Beresford Square, mo ń dá rẹ́rìn-ín sí àwàdà wa kan àtijọ́, ni ẹ̀rín bá gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Tìmílẹ́yìn, ǹjẹ́ o rántí àárọ̀ tí o jáde, tí o bá òkúta mẹ́ta náà níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ? O ò bèèrè bí òkúta ṣe rìn. O kàn di ṣòkòtò mú, o gba ẹ̀yìn òkè yí po. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Èmi ni mo gbé wọn síbẹ̀. Mo fẹ́ dá wọn padà lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wáyà dé pé ìyá mi kú, mo bá lọ́rì olómi lọ wéré. Mi ò dá wọn padà, mi ò sì sọ fún ọ. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta rèé.

Mo sáré lọ dúró de Inúmidùn ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Abbey Wood. Mo ní, “Àwòrán yẹn kò tọ́ o. Èmi ni mo gbé òkúta yẹn kúrò lórí kòtò.” Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Grandpa, o ti tún bẹ̀rẹ̀!” Bẹ́ẹ̀ ni o, “o” ló ń pè mí, Lọ́ndọ̀nù ló bí i. “Ṣé bíi ti ọ̀nì inú lake?”

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, mo sọ fún un pé ọ̀nì wà nínú adágún wa níbí, tó ń jẹ ọmọ tí kò bá jẹ ẹ̀wà tán. Ọdún méjì ni kò fi gba etí omi kọjá. Mo pe bàbá rẹ̀. Gbénga ní, “Daddy, tí ẹ ò bá fẹ́ kó lọ, ẹ kàn sọ ọ́ jàre.” Mo pe Wálé rẹ kó bá mi bi ọ́. “Daddy London, ẹ̀yin náà!” Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já. Irọ́ ni mo fi ṣeré láti kékeré. Òtítọ́ wá dé lónìí, kò rí àga jókòó.

Lẹ́yìn tí mo lọ, o tún lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀. Ṣé o dá òkúta náà padà? Àbí o dí kòtò yẹn? Mo ń gbàdúrà pé o ti mọ̀ látọjọ́ yìí, pé o ti ṣépè fún mi, tí o kàn dákẹ́. Torí bí o kò bá mọ̀, iwájú ṣáláńgá ni ọmọ mi yóò ti yà, orí kòtò ni yóò sì gbà kọjá.

Jọ̀ọ́, fi ọwọ́ ara rẹ kọ èsì, bó ti wù kó rí. Inúmidùn ni kí o kọ ọ́ sí, má kọ ọ́ sí mi. Kí Wálé yà á ní fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ sí fóònù Inúmidùn kí oṣù yìí tó parí. Tìrẹ ni yóò gbọ́. Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o ò mọ irọ́ pa. Òtítọ́ ẹnu rẹ yẹn náà ni mo wá ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ báyìí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, ní mo ní iyọ̀ díẹ̀ kò pa ọkùnrin. Kí Wálé náà, má sì jẹ́ kó rẹ́rìn-ín bó bá ń ya fọ́tò náà.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ṣàwàdà lónìí,
                                        Akínwándé.