Òórùn Òjò Àkọ́rọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Bámidélé,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún ìyá wa ti fúyẹ́.

Ẹ ní kí Ìrètí ọmọ mi wá kàwé lọ́dọ̀ yín ní Ìbàdàn, pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ wọn ní Ọ̀rà níbí ò dá múṣémúṣé. Ó dáa.

Níbi ìdíje ilé-ìwé l'Ọ́tan, wọ́n béèrè ìtumọ̀ "petrichor". Ìrètí nìkan ló dìde. Ó ní òórùn ilẹ̀ gbígbẹ ni nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bọ́ sí i. Ó ní inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fà á yọ, láti ara ọ̀rọ̀ méjì tó túmọ̀ sí òkúta àti ẹ̀jẹ̀ àwọn òrìṣà wọn. Ó ní òórùn náà ni ìyá àgbà òun fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti gbin iṣu.

Tíṣà Ọ̀rà ló kọ́ ọ o!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún wa. Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ yín. Bí Gẹ̀ẹ́sì kan bá ta kókó fún yín, ẹ pe Ìrètí.

Àbúrò yín,
Ẹfúnróyè